Ìjàpá wa kan ti kú, èyí tó ṣẹ́kù ò jẹun mọ́. Kí ni kí n ṣe?

IyaAdunni_Akobo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín ẹ jọ̀ọ́, torí láti Sátidé ni nǹkan yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ ládùúgbò tí kò ní lanu kó ní "ìjàpá náà lẹ̀ ń sunkún lé lórí báyìí?"

Ìjàpá méjì la ní, àwọn ńláńlá yẹn o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rí lóko. Bàbá Háúsá kan tó ń gbé wọn kiri nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá ni bàbá mi rà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1996, mo ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà yẹn. Bàbá mi sọ ọ̀kan ní Alábahun, ó sọ èkejì ní Yánníbo, ó ní ṣé ọkùnrin máa dá gbélé ni. Nígbà tí Bàbá jáde láyé ní 2018, orí ilẹ̀ àti mọ́tò làwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bá ara wọn jà lé, kò sẹ́ni tó béèrè ìjàpá, èmi ni mo kó wọn wá sílé ọkọ mi l'Ákóbọ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ fárí ga, ó ní òun ò fẹ́ ẹran tó máa jẹ odindi ọgbà ẹ̀fọ́ tán, nígbà tó yá òun náà ló ń mú àdá jáde láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gé koríko wá láti ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ lẹ́yìn ilé wa, á pín in sí méjì, ti Alábahun lápá ọ̀tún ti Yánníbo lápá òsì, torí tó bá dà á pọ̀ Alábahun ò ní jẹ́ kí èkejì rí nǹkan kan jẹ.

Alábahun ti tóbi débi pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ á gun Yánníbo, á máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀, gbogbo ojúlé wa ló mọ ohùn yẹn, àwọn àlejò á máa bojú.

Sátidé yẹn ọyẹ́ mú gan-an, mo jáde lọ pọn omi láàárọ̀, mo rí Alábahun lábẹ́ táǹkì, ọrùn ẹ̀ nà sílẹ̀ gbalaja. Ìjàpá tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn lásán, fíìì, á fa orí wọlé. Mo sún mọ́ ọn, kò fà á. Mo fọwọ́ kan imú ẹ̀, kò fà á. Èèrà ti ń tò wọ ojú ẹ̀ kan. A ò sin ín lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi ní ká ní sùúrù bóyá òtútù ló mú un, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè òórùn ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti ọmọkùnrin tó ń gbé bọ́ìsì kọ́tà ló gbẹ́ ilẹ̀ fún un lábẹ́ igi ọsàn.

Yánníbo ló wá gbé mi débí. Òní ni ọjọ́ kẹfà, kò jẹ nǹkan kan. Ibi tí Alábahun kú sí lábẹ́ táǹkì náà ló lọ jókòó sí, ó kọjú sí ògiri. A gbé ewé fún un kò wò ó, mo gé ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa síwájú ẹ̀ títí eṣinṣin fi bò ó. Ṣé ìbànújẹ́ ni? Ṣé kí n wá òmíràn rà fún un kó lè rí ẹni bá gbé? Àdùnní ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní "Mọ́mì ẹ jẹ́ ká hú u jáde ká to ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀, ó máa jí," torí nínú àlọ́ tí mo pa fún un Ìjàpá já bọ́ látòkè, ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́ yángá, wọ́n sì tò ó padà. Mi ò mọ ohun tí mo lè dá a lóhùn. Ìyá kan tó ń ta lékuléja ní títì wa náà ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n ta ìkarahun ẹ̀ fóun, ó ní ṣebí ó ti kú ná. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lọ hú u lóru.

Èmi alára, mi ò mọ̀ pé ó máa dùn mí tó báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Omo_Soun

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àdùnní. "Ẹ kú òfò" la máa ń kí ẹni tí ẹran ẹ̀ bá kú, ṣùgbọ́n èyí tó ti lé lógún ọdún nílé, tó tún jẹ́ ohun ìrántí bàbá ẹni, ẹ kú ìrọ́jú ni màá kí yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Nígbà tí Àlàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún, kú ní oṣù kẹwàá 2019, ìròyìn ẹ̀ dé òkè òkun. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé, àwọn onímọ̀ ẹranko ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, èmi ò bá ẹnì kankan jiyàn, ohun tí mo mọ̀ ni pé kékeré la wà tí wọ́n ti ń mú wa lọ wò ó, ọjọ́ tó kú àwọn àgbà ọkùnrin ń pe ara wọn lórí fóònù bí ẹni pé èèyàn ló lọ. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa tọ́jú òkú ẹ̀ pa mọ́ fún ìtàn. Ẹ sunkún yín jàre.

Ogbeni_Jeun

Ẹran tó tó gbé fún ọkùnrin méjì, ẹ lọ sin ín sábẹ́ igi ọsàn 😂 nílùú yìí, nínú ọ̀wọ́n gógó yìí? Ẹ ò bá pè mí.

Omo_Soun

@Ogbeni_Jeun, òkú ọjọ́ méjì tó ti ń rùn lo fẹ́ jẹ? Ó yá, lọ gbé ṣọ́bìrì.

Tola_OsibituEran

Ìyá Àdùnní, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran, èmi kọ́ ni dókítà o, èmi ni mò ń di ẹran mú tí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìjàpá tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ò kéré.

Ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò rò pé ọ̀fọ̀ ni Yánníbo ń ṣe. Ajá lè ṣọ̀fọ̀, ẹ máa rí i lójú ẹ̀. Ìjàpá ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ti wò ó tipẹ́ kí wọ́n tó ní ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò. Irú tiyín yìí, etí aṣálẹ̀ Sàhárà lápá Màlì, Nìjẹ̀ àti Ṣáàdì ni ilé wọn, ibẹ̀ kálukú ló ń gbẹ́ ihò tiẹ̀, òun nìkan ló ń gbé inú ẹ̀, akọ bá pàdé akọ ìjà ni, akọ bá pàdé abo wọ́n á ṣe tiwọn tán oníkálukú á bá tiẹ̀ lọ. Kò síbi tí wọ́n ti ń jókòó ti ara wọn bíi tọkọtaya. Àwa la kó wọn sínú ọgbà kan náà tá a sì ń pè wọ́n lọ́kọ láya.

Nítorí náà tí ọ̀kan bá kú tí èkejì ò bá jẹun, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ wà lára èkejì náà. Ọgbà kan náà, omi kan náà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ̀. Ká ní òkú Alábahun ṣì wà nílẹ̀ ni, mi ò bá ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà o, torí fírísà máa ń ba ara jẹ débi pé dókítà ò ní rí nǹkan tó dájú tó bá là á wò. Ìyẹn ti kọjá.

Ẹ wo Yánníbo fún mi dáadáa. Ṣé imú ẹ̀ ń yọ ìfófòó? Ṣé ó ń la ẹnu mí? Ṣé ojú ẹ̀ wú? Ìjàpá ò lè wúkọ́ bíi tiwa, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti wà ní ẹ̀dọ̀fóró ibẹ̀ ló máa wà, á kàn máa yọ ìfófòó nímú, òtútù ọyẹ́ sì máa ń dá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, ìgbà wo lẹ rí ìgbẹ́ ẹ̀ gbẹ̀yìn? Mò ń béèrè torí ọ̀rá. Ọ̀rá piọ̀ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di èlùbọ́, ìjàpá ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ewé, pàápàá tí iyọ̀ tàbí omi ata bá wà lára ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ tún jẹ́ kí n bi yín, ṣé Yánníbo ti yé ẹyin rí láti 1996?

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lónìí náà: ẹ po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó má gbóná, irú èyí tẹ́ ẹ fi ń wẹ ọmọ tuntun, ẹ bù ú sínú abọ́ ńlá, kó má kọjá àgbọ̀n ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ó máa mu nínú ẹ̀, ó sì sábà máa ń yàgbẹ́ síbẹ̀. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Lálẹ́, ẹ gbé e wọlé, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀, ìjàpá tí ara ẹ̀ tutù ò lè jẹun, ká tiẹ̀ ní ó jẹ ẹ́ oúnjẹ ò ní dà nínú ẹ̀. Ẹ má fi búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà kì í lẹ́nu. Ẹ lọ fi òṣùwọ̀n àwọn aláṣọ òkìrìkà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ kọ iye kílò ẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù mà: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn aràn ewúrẹ́ fún yín. Ivermectin tí wọ́n ń gún fún ajá àti ewúrẹ́ yẹn, ó ń pa ìjàpá. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ojú mi báyìí, kò tó ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má ra òmíràn. Ẹ ò mọ àìsàn tó máa gbé wá.

IyaAdunni_Akobo

Ẹ ṣeun gan-an. Imú ẹ̀ gbẹ, kò la ẹnu mí, ojú ẹ̀ náà dáa. Ìgbẹ́, tí mo bá fẹ́ sòótọ́, mi ò rántí, torí àwọn méjèèjì ló ń yà á sínú ọgbà, ta ló ń kà á. Kò yé ẹyin rí o. Bàbá mi máa ń ní "Yánníbo yàgàn," a máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè?

Akin_Leeds

Mo ka èyí ní bọ́ọ̀sì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo ń lọ.

Ìjàpá méjì ni mo ní níbí, àwọn kékeré ti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Hermann's, Táyé àti Kẹ́hìndé. Níbí, tí òtútù bá dé, irú wọn máa ń sùn fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn tó ń sìn wọ́n máa ń gbé wọn sínú fíríìjì tó wà fún ìyẹn nìkan, ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, nǹkan bíi 5°C, èèyàn á máa ṣí i kí atẹ́gùn wọlé, á sì máa wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè mọ̀ tí ọ̀kan bá ń rù. (Ìyá Àdùnní, tiyín ò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀ láé o, irú tiyín kì í sun oorun òtútù.) Èmi wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo ní màá ṣe é lọ́la. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún bákan náà. Nígbà tí mo fi máa gbé Kẹ́hìndé, ó fúyẹ́ bíi páálí ìṣáná. Ó ti kú.

Mo pe ìyá mi lórí WhatsApp. Màmá ní "ó yá, lọ gbẹ́ ère ìbejì fún un kó má bàa wá mú Táyé." Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n mo jókòó sí kíṣìnì mo sunkún. Èmi ni mo pa á, ìyẹn ni mò ń sọ fún ara mi. Ẹgbẹ́ kan wà níbí tó ń jẹ́ Blue Cross, wọ́n ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè tí ẹran ọ̀sìn ẹ̀ bá kú. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní òyìnbó ò níṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ kẹta mo pè wọ́n. Obìnrin kan kàn gbọ́ mi ni, kò sọ pé kí n fọkàn balẹ̀, kò sọ pé ẹran lásán ni, ó bi mí bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ jẹun. Mo sọ fún un pé á kọ́kọ́ gun orí Táyé. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Táyé wá jí nígbà tí mo gbé e síta. Mo ń wò ó bóyá á wá èkejì ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò wá a lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ iná tí Kẹ́hìndé kì í jẹ́ kó dé tẹ́lẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn tún dùn mí lọ́tọ̀. Mo fẹ́ kó ṣàárò ẹ̀.

MamaIlesa

Mo gbọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ máa ń yára sọ pé ẹran ò mọ nǹkan. Ta ló wọ inú ìjàpá lọ wò ó? Ní Kẹ́ńyà ńkọ́, lẹ́yìn omi ńlá tó ya wọ ìlú lóṣù Kejìlá 2004, ọmọ erinmi kan tí wọ́n sọ ní Owen, wọ́n gbé e lọ sí Haller Park ní Mòńbásà, ọ̀dọ̀ ìjàpá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Mzee ló lọ fara pa mọ́ sí, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń jẹun, gbogbo ayé rí fọ́tò ẹ̀. Kí la máa pe ìyẹn?

Ní ti ọmọ yẹn, Ìyá Àdùnní, ẹ má sọ fún un pé Alábahun rìnrìn àjò o. Ọmọ tó gbọ́n báyẹn máa béèrè ọjọ́ tó máa dé, ẹ sì mọ èsì tí Ìjàpá fọ̀ nígbà tí wọ́n bi í bẹ́ẹ̀, ó ní ó di ìgbà tóun bá tẹ́. Ẹ sọ fún un pé Ìjàpá inú àlọ́ ni kì í kú, torí àwa la ń pa á ní àlọ́, lálaalẹ́ la sì ń jí i. Èyí tó wà lábẹ́ igi ọsàn, ẹran ara ni. Ẹ mú un lọ síbẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé òkúta lé e. Òkúta yẹn náà ni kò ní jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù lékuléja rí i hú, ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tó wúwo sí i.

Tola_OsibituEran

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ti Owen àti Mzee yẹn òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó wá ẹnì kan nínú wọn. Ọmọ erinmi ló ń tẹ̀ lé ìjàpá, ọmọ tó pàdánù ìyá ẹ̀. Mzee kọ́kọ́ ń bínú sí i, ó ń fẹ́ fíì sí i, ó ń sá fún un, kó tó wá gbà. Mi ò ní ìjàpá ò mọ nǹkan, ó mọ̀ mí, ó mọ ìgbà oúnjẹ, ó mọ ọ̀nà tó gbà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tí mi ò rí rí ni èyí tó febi pa ara ẹ̀ torí ẹnìkejì. Tá a bá ń wò ó pé ìbànújẹ́ ni, á kú mọ́ wa lójú, a ó sì tún sọ pé ọ̀fọ̀ ló pa á. Ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù.

Ìyá Àdùnní, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e nínú omi lọ́la, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tí àyà ẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìrù ẹ̀ sì kúrú, abo ni. Tí àyà ẹ̀ bá jìn wọnú bí àwo, tí ìrù ẹ̀ gùn tó nípọn, ẹ padà wá bá mi.

IyaAdunni_Akobo

Mo ti padà dé o, ẹ jókòó dáadáa.

Lánàá ọkọ mi ò lọ síbi iṣẹ́. A bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ tí mo fi ń fọṣọ, a gbé Yánníbo sí i, Àdùnní jókòó tì í pẹ̀lú aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá ó na ọrùn, ó ki imú bọ omi, a rí i tí ọ̀fun ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó mu omi títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú. Ló bá yàgbẹ́. Koríko dúdú kan bí ìtì ló kọ́kọ́ jáde, nǹkan kan wá so mọ́ ọn, ọkọ mi rò pé ìfun ẹ̀ ló ń jáde, ó pariwo. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá piọ̀ wọ́tà ni, a tiẹ̀ lè ka lẹ́tà búlúù ara ẹ̀, ó ti lọ́ pọ̀ bí okùn. Èyí tó dúdú tẹ̀ lé e, ó gùn tó ìka mi àárín.

Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, mi ò lè sọ̀rọ̀. Torí mo mọ ibi tí ọ̀rá yẹn ti ń wá. Lẹ́yìn ògiri wa ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, atẹ́gùn ọyẹ́ á gbé e wọlé, ọ̀dọ̀ táǹkì ló máa ń kó jọ sí. Abẹ́ táǹkì tí Alábahun kú sí. Abẹ́ táǹkì tí Yánníbo lọ jókòó sí tí mo ń sọ pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Bóyá ibẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ló kàn ń wá, tí inú ń run ún. Mo ti lọ ṣa gbogbo ẹ̀, ó kún àpò ìrẹsì kan.

A gbé e lọ sí ọsibítù ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn mọ́tò la gbé e sí lórí kúṣọ́ọ̀nù. Kílò 19. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ níkùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n wo ẹnu ẹ̀, wọ́n gba ìgbẹ́ ẹ̀ lọ wò, aràn wà, wọ́n fún un ní oògùn (mo béèrè, kì í ṣe ivermectin, dókítà náà ní ta ló kọ́ mi, mo ní àwọn èèyàn mi ni). Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa fi sínú omi lójoojúmọ́, pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá ṣì kù.

Wọ́n wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà yẹn ní "ta ló sọ fún yín pé Yánníbo lèyí?" Àyà ẹ̀ jìn bí àwo. Akọ ni! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Ó wá fi àpá hàn mí lára ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì àti ìdí ìkarahun ẹ̀, ó ní ìjà ni gbogbo ìyẹn. Gbogbo gígùn tó ń gùn ún tí à ń rẹ́rìn-ín, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Mo wo ojú ọkọ mi, ó ní "ìdí nìyẹn tí mo fi ń pín koríko."

Omo_Soun

Háà! Yánníbo yàgàn lóòótọ́ 😂😂 Ẹ má bínú mà.

Kì í ṣe bàbá yín nìkan o. Jonathan, ìjàpá tó wà ní erékùṣù Saint Helena tí wọ́n ní ó ti wà láyé láti nǹkan bí 1832, wọ́n fún un ní ìyàwó kan, Frederica, ní 1991. Ó di 2017 kí dókítà ẹran tó wò ó dáadáa tó ní ó jọ pé akọ ni.

Tola_OsibituEran

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e lọ. Mo ti fura látìgbà tẹ́ ẹ ní kò yé ẹyin rí, abo máa ń yé kódà kí akọ má sí níbẹ̀, kò kàn ní pa ni.

Ẹ má fi Alábahun dá ara yín lẹ́bi jù. A ò la inú ẹ̀ wò, a ò lè búra pé ọ̀rá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan dí abẹ́ ògiri yẹn kí atẹ́gùn má tún gbé òmíràn wọlé. Kí Àdùnní fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa lẹ́yìn omi yẹn, kí wọ́n má sì da omi náà sí kíṣìnì, kòkòrò kan wà lára ìjàpá tí wọ́n ń pè ní Salmonella, kì í ṣe ìjàpá ní nǹkan kan, ikùn ọmọdé ló máa ń dà rú.

MamaIlesa

Èmi ṣì ní ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó lù ọ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí kò bá sí nílé lọ́jọ́ kan, wàá mọ̀.

Tola_OsibituEran

Ìyẹn ni mi ò ní bá yín jiyàn lé lórí, Màmá.

IyaAdunni_Akobo

Ọ̀rọ̀ Màmá Iléṣà kò kúrò lọ́kàn mi látàná.

Mo wá sọ bó ṣe ń lọ fún yín. Ọjọ́ kẹta tá a ti ń fi sínú omi, ọ̀rá kékeré kan tún jáde. Láàárọ̀ yìí ni mo fi òdòdó hibiskọ́ọ̀sì pupa kan sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kì í ṣe pé mo retí nǹkan kan, ó kàn wà lọ́wọ́ mi ni. Ó wò ó. Ó la ẹnu, ó tàsé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a mú lẹ́ẹ̀kejì, ó fà á ya, ewé pupa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bíi tìróò tó ta sẹ́nu. Àdùnní pariwo débi pé ó fa orí wọlé padà.

Àdùnní gbé òkúta lé ibi igi ọsàn. Ó béèrè bóyá ara ẹ̀ máa tutù nísàlẹ̀, mo ní kò ní mọ̀ ọ́n, ó ní "ó dáa nígbà yẹn." Ìyá oní-lékuléja tún wá, ó rí òkúta, kò sọ nǹkan kan, ó ra àgbàdo sísun lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síwájú ilé wa, ó lọ. Orúkọ, a ò yí i padà, Yánníbo lorúkọ ẹ̀, kó jẹ́ akọ kó jẹ́ abo. Ó ti kúrò lábẹ́ táǹkì. Àárín ọgbà gan-an ló ń lọ báyìí, ibi tí mi ò rí i rí láti 2018.

Ọkọ mi tún mú àdá jáde láàárọ̀ yìí, ó gé koríko, ó pín in sí méjì. Ó ti gbé ti apá ọ̀tún sílẹ̀ kó tó rántí. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ àwọn ojúlé kejì ló wá jẹ ẹ́.